Ibùsùn Kejì Nínú Ilé Onítáyà

Bọ́ọ̀sì ìlú ni obìnrin tí wọ́n ń pè ní Dẹ́rẹ́bà yìí fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wà, títí irun orí rẹ̀ fi funfun. Ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni ilé iṣẹ́ yàn fún un: láti ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ńlá títí dé ibi tí ilé tán, kí ó yí orí ọkọ̀ padà, kí ó tún máa bọ̀. Àwọn awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ó bá tilẹ̀ sùn lọ nídìí ọkọ̀, bọ́ọ̀sì náà á gbé ara rẹ̀ délé. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́, kò sì fi ọmọ sílẹ̀ fún un. Kì í ṣe ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ ara rẹ̀ káàkiri. Àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ rí eyín rẹ̀, ẹ dárúkọ Alágbàfọ̀ fún un.

Alágbàfọ̀ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn ni ó ti ṣiṣẹ́, nínú ooru àti òórùn ọṣẹ, láàárín àwọn ẹ̀rọ tó ga ju ènìyàn lọ. Bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ló máa ń wọ̀ láràárọ̀, ó sì ti sọ ìjókòó tó wà lẹ́yìn Dẹ́rẹ́bà gan-an di tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ káàárọ̀, ó di ẹ̀fẹ̀, nígbà tó yá ó di àṣírí. Inú dígí tó wà lókè orí Dẹ́rẹ́bà ni wọ́n ti ń rí ojú ara wọn, nítorí ẹni tó ń wakọ̀ kò gbọdọ̀ máa yíjú sẹ́yìn. Ọjọ́ tí àwọn méjèèjì kọ́kọ́ jókòó kojú ara wọn nínú ilé, Alágbàfọ̀ tẹjú mọ́ ọn títí, ó ní, "Àṣé ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ni àmì yẹn wà? Ọ̀tún ni mo ti ń rí i láti ọjọ́ yìí. O ti tàn mí jẹ!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn.

Àwọn méjèèjì ló jọ dá a lábàá. Bí àwọn bá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, àwọn á ra ọkọ̀ ńlá tí wọ́n kọ́ ilé sí nínú, tó ní ibùsùn, tó ní ibi ìdáná àti ilé ìwẹ̀, àwọn á sì máa lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ibi tí wọ́n ń lọ, Dẹ́rẹ́bà á ní, "Níwájú." Alágbàfọ̀ ló sọ ọkọ̀ náà ní ilé onítáyà nígbà tí wọn kò tilẹ̀ tíì fojú kàn án. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi sọ ọ́ bí eré bí eré, títí àwọn méjèèjì fi fẹ̀yìn tì, tó sì di ọ̀rọ̀ gidi, tí wọ́n lọ yan èyí tó wù wọ́n, tí wọ́n sì ní kí àwọn tó ń tà á bá wọn mú un wá.

Nígbà tí wọ́n pè wọ́n pé ọkọ̀ ti dé, kí wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó gbé e, Dẹ́rẹ́bà kò lè jókòó sójú kan mọ́. Ó ra aṣọ ibùsùn oríṣi méjì, ọ̀kan aláwọ̀ ewé, ọ̀kan aláwọ̀ osùn. Lórí fóònù, ó ń bi Alágbàfọ̀ léèrè èwo ló fẹ́. Alágbàfọ̀ ní èyíkéyìí tó bá ṣẹ́kù. Dẹ́rẹ́bà rò pé ìwà pẹ̀lẹ́ ni.

Lọ́jọ́ náà, òun ló kọ́kọ́ dé. Ọgbà ńlá kan ni, wọ́n da kọnkéré sí gbogbo ilẹ̀ rẹ̀, òjò sì ti rọ̀ sí i. Àwọn ọkọ̀ náà tò lọ rẹrẹẹrẹ bí ilé tí ẹnikẹ́ni kò tíì kó sí. Ọkùnrin tó fẹ́ fa ọkọ̀ lé wọn lọ́wọ́ jáde wá pàdé rẹ̀ láti ọ́fíìsì onígíláàsì. Táì ọrùn rẹ̀ gùn jù, gbogbo ìgbà ló ń ki ìdí táì náà sáàárín bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì kó má baà dí i lọ́wọ́. Nígbà tí Alágbàfọ̀ fi máa dé, Dẹ́rẹ́bà ti sọ ọ́ ní Onítáì.

Alágbàfọ̀ pẹ́ kí ó tó dé. Gèlè rẹ̀ wọ́, ojú rẹ̀ pọ́n, ó gbé báàgì kan dání tí tọ́ọ̀ṣì àti aṣọ ìnura àtijọ́ wà nínú rẹ̀.

"Ṣé o sùn rárá?" ni Dẹ́rẹ́bà bi í.

"Mo sùn díẹ̀. Níbo ni ọkọ̀ wà?"

Dẹ́rẹ́bà ló mọ ìdí ọkọ̀, torí náà òun ló bẹ̀rẹ̀. Ó yí i po, ó fi ẹsẹ̀ ta táyà kọ̀ọ̀kan, ó lóṣòó wo abẹ́ ẹ́ńjìnnì bóyá epo ń kán. Ó gun ọkọ̀, ó tan iná, ó tẹ búrẹ́ẹ̀kì. Alágbàfọ̀ dúró lẹ́yìn nínú ọ̀rinrin, ó ń ké sí i, "Ó tàn! Èkejì náà tàn! Tún un tẹ̀!" Gbogbo rẹ̀ ló dára. Dẹ́rẹ́bà sọ̀kalẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ó rò pé ó ti parí.

"Òrùlé ńkọ́?" ni Alágbàfọ̀ wí.

Onítáì ní, "Mà, òkè yẹn dára. Àwa fúnra wa ti yẹ̀ ẹ́ wò."

"Ẹ gbé àkàbà wá."

Orúnkún tó ń dun obìnrin yìí láti ọjọ́ pípẹ́ ló gbé gun àkàbà. Dẹ́rẹ́bà di ìsàlẹ̀ mú, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra. Ó wà lókè pẹ́. Ó ń fi ìka tọ gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi dí etí òrùlé, láti orí dé ìdí, bí ìgbà tí ènìyàn ń wá ibi tí aṣọ gbé ya. Nígbẹ̀yìn ó ní ibì kan wà tí kò dán. Wọ́n pe ẹni tó ń tún ọkọ̀ ṣe, ó gòkè, ó wò ó, ó ní kò sí ohun tó ṣe é, síbẹ̀ ó tún fi gọ́ọ̀mù mìíràn lé e kí ọkàn ìyá lè balẹ̀.

"Kò ní í gbẹ lónìí," ni Alágbàfọ̀ wí. "Ṣé kò ní sàn ká padà wá lóṣù tó ń bọ̀?"

Dẹ́rẹ́bà rò pé eré ló ń ṣe, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fà á wọnú ọkọ̀.

Inú rẹ̀ ń rùn bí igi tuntun àti rọ́bà. Ibi ìdáná kékeré wà lọ́wọ́ ọ̀tún, tábìlì tó ṣeé ká wà lọ́wọ́ òsì, ilé ìwẹ̀ tí ènìyàn kan péré lè dúró nínú rẹ̀ wà ní àárín, ibùsùn méjì sì wà lẹ́yìn pátápátá, ọ̀kan lápá ibí, ọ̀kan lápá ọ̀hún, tí fèrèsé kan wà láàárín wọn. Dẹ́rẹ́bà kò mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Alágbàfọ̀ ní tirẹ̀ ti bọ́ bàtà, ó ti ṣẹ́ apá aṣọ sókè, ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Kò sí ilẹ̀kùn tí kò ṣí, kò sí èyí tí kò tì. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí igun inú kọ́bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí wọ́n pọn omi kún táǹkì, ó ṣí ẹnu ẹ̀rọ omi, ó tẹ́ aṣọ ìnura rẹ̀ sábẹ́ ibi ìfọwọ́, ó sì jókòó tì í. Nígbà tó fa aṣọ náà jáde, ó gbẹ táútáú. Ó ní kí wọ́n tún dúró díẹ̀ sí i. Ó po ọṣẹ sínú ife, ó fi kànrìnkàn pa ìfófòó rẹ̀ mọ́ ojúkò páìpù gáàsì, ó tẹ ojú mọ́ ọn bóyá yóò hó, tí í ṣe àmì pé gáàsì ń jò. Kò hó. Fìríìjì, ó ní òun fẹ́ kí ó tutù lójú òun.

Onítáì gbìyànjú láti pa wọ́n lẹ́rìn-ín. "Mà, láti ìgbà tí mo ti ń ta ọkọ̀, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ wo inú kọ́bọ́ọ̀dù bíi pé olè sá sí i."

Alágbàfọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ti rí ìlà tín-ín-rín bí irun orí lára gíláàsì fèrèsé. "Èyí ńkọ́? Wọ́n gbọ́dọ̀ pààrọ̀ gíláàsì yìí. Mi ò lè gba ọkọ̀ báyìí. Ẹ mú un padà, ká wá nígbà mìíràn."

Onítáì fi ìka fa ìlà náà. Ó pòórá. Ìdọ̀tí lásán ni.

Títí di ìgbà yẹn, inú Dẹ́rẹ́bà ń dùn sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ń fi í yangàn lójú Onítáì pé, "Ẹ rí i? Ẹ ò lè rẹ́ ẹ jẹ." Àmọ́ nígbà tó rí ojú Alágbàfọ̀ bí ìlà yẹn ṣe pòórá, ó ṣíwọ́ yíyangàn. Kì í ṣe ojú ẹni tí ara tù. Ojú ẹni tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Ó dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn apá ọ̀tún kí ara rẹ̀ lè balẹ̀. Fóòmù náà dára. Ó fọwọ́ lu èyí tó wà lápá kejì. "Alágbàfọ̀ mi, wá na ẹ̀yìn rẹ díẹ̀. Wò ó bóyá ó gùn tó ẹ."

"Á gùn tó mi."

"Wá dán an wò ná."

"Mo ní á gùn tó mi. Jẹ́ kí n wo abẹ́ tábìlì yìí."

Ìgbà náà ni Dẹ́rẹ́bà tó kíyè sí i. Gbogbo ara ọkọ̀ yẹn ni ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti kàn, láti òrùlé dé ìdí páìpù, àyàfi ibùsùn kejì. Bí ó bá fẹ́ kọjá lára rẹ̀, ṣe ló ń fẹ̀gbẹ́ rìn bíi pé ẹnì kan sùn síbẹ̀ tí òun kò fẹ́ jí.

Dẹ́rẹ́bà dìde jókòó. Ó yíjú sí Onítáì. "Ọ̀gbẹ́ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa láyè díẹ̀." Ọkùnrin náà jáde, ó rọra ti ilẹ̀kùn.

"Kí ló dé?"

"Kí ló dé sí kí ni? Ọkọ̀ ni mò ń yẹ̀ wò."

"Ọkọ̀ kọ́ lò ń yẹ̀ wò. Mo mọ ojú ẹ. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Alágbàfọ̀ pa tọ́ọ̀ṣì. Ó tún un tàn, ó tún un pa. Ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú fìríìjì, ó na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún.

"Ọmọ mi ni," ló wí. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, ọkùnrin, ó ti ní ìyàwó, ìlú mìíràn ló ń gbé. "Rọpárọsẹ̀ ló kọ lù ú. Apá ọ̀tún ò gbéra, ẹsẹ̀ ọ̀tún ò gbéra, ẹnu rẹ̀ ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyàwó rẹ̀ dúró tì í fúngbà díẹ̀, ó wá ní kóun má purọ́, òun ò lè ṣe é. Wọ́n gbé e wá bá mi. Inú yàrá mi ló wà. Èmi ni mò ń fún un lóúnjẹ, èmi ni mò ń yí i padà kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ má baà bó."

Tìbínú-tìbínú ni Dẹ́rẹ́bà fi bi í pé, "Ta wá ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí?"

"Aládùúgbò mi. Mo ní mi ò ní pẹ́."

"O sì jókòó síbí, ò ń dúró de fìríìjì kó tutù! Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ẹnu mi ò gbà á. Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ sọ ọ́, ṣe lò ń bi mí bóyá ewé ni mo fẹ́ àbí osùn." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Mo rò pé bí mo bá rí nǹkan kan tó bàjẹ́ lára ẹ̀, nǹkan gidi, wọ́n á gbà á padà lọ tún un ṣe. Kí wọ́n tó tún un ṣe tán, bóyá ọmọ mi á ti lè jókòó fúnra ẹ̀. Mo wá a, Dẹ́rẹ́bà. Mo wá a dókè. Kò sí nǹkan tó ṣe é." Ẹ̀rín àti ẹkún jọ gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. "Wọ́n kọ́ ọ dáadáa. Wọ́n kọ́ ọ dáadáa jù."

Dẹ́rẹ́bà sọ̀kalẹ̀ lórí ibùsùn, ó jókòó tì í sílẹ̀. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà ṣì ń yọ̀ fún ọṣẹ.

Onítáì kan ilẹ̀kùn lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó yọjú, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ̀yin ìyá, ṣé ó ti tẹ́ yín lọ́rùn?"

Ó rí wọn lórí ilẹ̀, ó rí ojú wọn, ẹ̀rín rẹ̀ sì dúró sáàárín ọ̀nà. Ó ní bí nǹkan kan bá kù, àwọn lè sún un síwájú, kò sí wàhálà. Ohun tí Alágbàfọ̀ ti ń wá láti àárọ̀ nìyẹn, wọ́n gbé e fún un lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì wúlò mọ́. Òun gan-an ló mi orí. "Kò sí ohun tó kù," ló wí. "Ó dára." Wọ́n fọwọ́ sí ìwé.

Ilé Alágbàfọ̀ ni Dẹ́rẹ́bà wa ọkọ̀ náà lọ tààrà. Lójú ọ̀nà, nígbà tí wọ́n dé kọ́nà kan, Alágbàfọ̀ ní, "Rọra, ẹ̀yìn ọkọ̀ gùn."

Ọkùnrin tí Dẹ́rẹ́bà bá lórí ibùsùn nínú yàrá yẹn, ó mọ̀ ọ́n nígbà tó ń wọ yúnífọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́, tó máa ń sáré bá bọ́ọ̀sì pẹ̀lú búrẹ́dì lẹ́nu. Ó ti sanra, irùngbọ̀n ti bò ó. Ó rí Dẹ́rẹ́bà, ó fẹ́ kí i, ohun tó jáde kò já sí ọ̀rọ̀, omi sì bọ́ lójú rẹ̀ nítorí ìtìjú. "Mo gbọ́ ọ, ọmọ mi," ni Dẹ́rẹ́bà wí. "Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀." Òun àti Alágbàfọ̀ jọ yí i padà. Ibẹ̀ ló ti mọ bí ara ènìyàn ṣe ń wúwo tó.

Ó ní òun á dúró fún ọjọ́ méjì. Ó gbé ilé onítáyà tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ibẹ̀ ló ń sùn, ibẹ̀ ló ti ń se oúnjẹ tí yóò gbé wọlé. Ọjọ́ méjì di oṣù, oṣù di ọ̀pọ̀ oṣù. Àwọn ọmọ àdúgbò á máa bi í ìgbà tí yóò gbéra. Á ní láìpẹ́. Ní ọ̀sán, bí ọmọ náà bá sùn, á lé Alágbàfọ̀ pé kó lọ dùbúlẹ̀ nínú ọkọ̀, kó sinmi. Alágbàfọ̀ kọ̀. "Bí mo bá fi lè sùn síbẹ̀, mi ò ní fẹ́ dìde mọ́," ló máa ń wí. Orí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀ ló ti ń tòògbé.

Ọmọ náà kò jókòó fúnra rẹ̀ títí tó fi kú. Òtútù ló wọ àyà rẹ̀, àyà náà kò sì lè yọ ọ́. Nígbà tí wọ́n ń bo ilẹ̀ lé e, èrò kan wọ Dẹ́rẹ́bà lọ́kàn láìpè é: *a lè lọ báyìí.* Ojú tì í. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó kó àwọn aṣọ ibùsùn olóògbé, ó fi ọwọ́ fọ̀ wọ́n, nítorí kò fẹ́ kí Alágbàfọ̀, tó ti fọ irú rẹ̀ fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ láti kékeré rẹ̀, tún wá fọ ti ọmọ tirẹ̀.

Alágbàfọ̀ fúnra rẹ̀ ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nígbà tó pẹ́. Ó ń bó iṣu lọ́wọ́ ni, kò gbójú sókè. "Ṣé ọkọ̀ yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́."

"Jẹ́ ká lọ nígbà náà."

Wọ́n gbéra ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ojú ọ̀run mọ́ roro. Ìlú tán lẹ́yìn wọn, pápá bẹ̀rẹ̀, koríko gíga ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lápá méjèèjì. Dẹ́rẹ́bà fẹ́ kọrin, ó kó ara rẹ̀ níjàánu. Alágbàfọ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níwájú, àmọ́ gbogbo ìgbà ló ń yí ọrùn sẹ́yìn.

"Kí lo gbọ́?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan," ló wí. "Ohun tó ń dà mí láàmú nìyẹn. Ẹnì kankan ò pè mí."

Wọ́n dúró jẹun lábẹ́ igi kan. Alágbàfọ̀ ò jẹ ju òkèlè díẹ̀ lọ. Oorun gbé e lórí ìjókòó, lójijì ó ta gìrì, ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. "Ó tó àkókò tí mo máa yí i padà." Nígbà náà ló rí koríko, ó rí títì, ó rí Dẹ́rẹ́bà. Ó jókòó padà.

"Dẹ́rẹ́bà, jẹ́ ká máa lọ sílé."

"A ò tíì dé ibì kankan."

"Mo mọ̀."

"Omi ńlá kan wà níwájú. Mo ti ń rí dídán rẹ̀ láti ibí. Ká kàn fojú rí i, ká padà."

"Bó o bá fẹ́, a ó lọ," ni Alágbàfọ̀ wí. "Mi ò ní ba tìẹ jẹ́. Àmọ́ ó ti rẹ̀ mí, ọ̀rẹ́ mi. Ó rẹ̀ mí dé eegun."

Dẹ́rẹ́bà wo ibi tí omi náà ti ń dán. Ó tan ẹ́ńjìnnì, ó ń lọ síwájú, ó ń bọ̀ sẹ́yìn, síwájú, sẹ́yìn, títí orí ọkọ̀ gígùn yẹn fi yí padà lójú ọ̀nà tóóró.

Wọn kò tíì rìn jìnnà tí orí Alágbàfọ̀ fi ṣubú sí gíláàsì fèrèsé, tí ó sùn lọ, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ díẹ̀. Dẹ́rẹ́bà dín eré kù. Gbogbo kòtò tó wà lójú ọ̀nà yẹn ló yà fún, àwọn ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn ń fun fèrè, kò dá wọn lóhùn. Nígbà tí wọ́n dé iwájú ilé, ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò pa ẹ́ńjìnnì, nítorí ó mọ̀ pé bí ariwo rẹ̀ bá dákẹ́, á jí. Ó gbé ọwọ́ lé orí ìdarí ọkọ̀, ó jókòó síbẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí ó máa sùn.